Mo fẹ́ fi ẹrù kún àpótí sípíkà mi kó má gbọ̀n mọ́: ibo ni kí n kó o sí?

OlùgbọOrin

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, òní ni mo máa kọ́kọ́ béèrè nǹkan.

Sípíkà méjì ni mo ní, béèsì wọn, ìyẹn ẹ̀rọ roboto tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, jẹ́ íńṣì mẹ́fà ààbọ̀. Pátákó MDF (igi lílọ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀) tó nípọn ní mílímítà 15 ni wọ́n fi kan àpótí wọn. Ó ga ní sẹ̀ńtímítà 60, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jìn ní 30, iwájú rẹ̀ fẹ̀ ní 20. Sukúrúù ni wọ́n fi de ẹ̀yìn rẹ̀, ó ṣeé tú. Kílò 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọ̀n, orí ẹsẹ̀ irin ni wọ́n sì jókòó lé.

Bí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀ tàbí tó ń kọrin nínú wọn, ohùn rẹ̀ máa ń ki, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú àgbá òfìfo. Gìtá béèsì náà, ohùn kan tàbí méjì á wú sókè ju àwọn yòókù lọ. Lálẹ́ àná mo gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ àpótí, ṣe ló ń jó mi lọ́wọ́ bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gẹrun.

Mo wá òkúta pẹlẹbẹ méjì, kílò mẹ́wàá mẹ́wàá, mo gbé wọn lé e lórí. Béèsì ìsàlẹ̀ pátápátá dà bíi pé ó dúró dáadáa sí i, àmọ́ ohùn ọkùnrin yẹn kò kúrò nínú àgbá. Ohun tó wà lọ́kàn mi báyìí ni pé kí n da yanrìn sínú àpótí, tàbí kí n lẹ irin mọ́ ọn lára. Ẹrù mélòó ló máa tó? Ibo ni kí n kó o sí?

ÒkútaWúwo

Àbúrò, ojú ọ̀nà lo wà, o kàn ò tíì rìn jìnnà ni. Òkúta kílò mẹ́wàá kéré. Newton ti là á sílẹ̀ láti 1687 pé bí o bá ti nǹkan, nǹkan náà á tì ọ́ padà. Bí awọ béèsì, ìyẹn ibi tó ń ti afẹ́fẹ́, bá ń lọ síwájú, irin tó gbé e dúró á máa ti àpótí sẹ́yìn. Bí awọ bá padà sẹ́yìn, àpótí á sún síwájú. Ohun tó bá fúyẹ́ ló ṣeé tì kiri. Bó bá wúwo, ibi tí a gbé e sí ló máa wà.

Kọnkéré ni mo fi ṣe tèmi, kílò 60 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, èèyàn méjì ló ń gbé e. Bí wọ́n bá lu ìlù nínú rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ibi tí ọwọ́ ti kan awọ, mo sì máa ń gbọ́ ibi tí ohùn náà parí sí. Mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí nínú àpótí tó fúyẹ́. Kó ẹrù sí i, má bẹ̀rù.

Olùṣirò

Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ÒkútaWúwo. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ó níwọ̀n.

Awọ béèsì íńṣì mẹ́fà ààbọ̀ pẹ̀lú kọ́ìlì rẹ̀ (wáyà wíwé tó ń tì í) máa ń wọ̀n tó gíráàmù 15 sí 20. Ká mú 20. Àpótí kílò 10 jẹ́ gíráàmù 10,000, ó fi ìlọ́po 500 wúwo ju awọ lọ. Bí awọ bá rin mílímítà 3, tí ohunkóhun ò sì di àpótí mú, àpótí á rin ìdá kan nínú 500 rẹ̀, ìyẹn mílímítà 0.006. Ìyẹn fi dB 54 (dB ni a fi ń wọn bí ohùn tàbí ìgbọ̀n ṣe pọ̀ sí tàbí dínkù) rẹlẹ̀ sí ìrìn awọ. Òkúta tí OlùgbọOrin gbé lé e sọ ọ́ di kílò 20, ìrìn àpótí di ìdajì, dB 6 ló jèrè. Kó tó jèrè 6 mìíràn, kílò 20 ló tún máa gbé kún un. Lẹ́yìn ìyẹn, kílò 40. Bí ẹrù ṣe ń pọ̀ ni èrè rẹ̀ ń kéré.

Ṣùgbọ́n odindi àpótí tó ń sún lọ sún bọ̀ ni ìṣirò yìí ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa ẹ̀gbẹ́ tó ń jó o lọ́wọ́.

IgiÀtiÌṣó

Ibi tí Olùṣirò parí sí ni èmi fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò, nǹkan méjì ni a máa ń pè ní "àpótí ń gbọ̀n", wọn ò sì ní oògùn kan náà. Ọ̀kan ni kí gbogbo àpótí máa sún. Èkejì ni kí pátákó ẹ̀gbẹ́ máa wú síta kó sì máa wọlé, bí ikùn ẹni tó ń mí. Afẹ́fẹ́ inú àpótí ló ń tì í bẹ́ẹ̀, irin béèsì tí wọ́n dè mọ́ iwájú sì tún ń gbọ̀n ọ́n láti etí. Òkúta tó wà lórí, orí ló dì mú. Kò lè di ẹ̀gbẹ́ mú. Ìdí nìyẹn tí béèsì ìsàlẹ̀ fi yí díẹ̀ tí ohùn ọkùnrin ò fi yí.

Kó o tó náwó sí ohunkóhun, kọ́kọ́ yẹ gbogbo sukúrúù tó de béèsì wò. Wọ́n máa ń tú díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Bó o bá fún èyí tó wà lókè, bọ́ sí èyí tó dojú kọ ọ́ nísàlẹ̀, bí a ṣe ń fún nọ́ọ̀tì táyà. Má fi agbára fún un jù o, MDF kì í pẹ́ jẹ. Mo ti bá àpótí kan pàdé tí olówó rẹ̀ ti fẹ́ sọ nù nítorí ariwo, sukúrúù kan ṣoṣo ló ń jó nínú ihò rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wá áàpù tó ń gbé ohùn kan ṣoṣo jáde, tó o lè máa yí nọ́ńbà rẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti 60 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé 500. Má jẹ́ kó pariwo. Fi ìka méjì lé àárín ẹ̀gbẹ́, kó o kọ nọ́ńbà ibi tó ti gbọ̀n jù sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ 80 Hz ni ohùn ti ń wú, tó sì ń yí padà nígbà tó o bá sún àga rẹ, yàrá ni, kì í ṣe àpótí. Ohùn ń rin mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, yàrá tó bá gùn ní mítà 4.3 á máa wú ní nǹkan bíi 40 Hz. Kò sí ẹrù tó lè tún ìyẹn ṣe.

TuntunNíbí

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé áàpù tó ń wọn ìgbọ̀n lórí fóònù ò lè ṣe é? Kéèyàn kàn lẹ fóònù mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí.

Olùṣirò

Kò ní rí i dáadáa. Ọ̀pọ̀ fóònù máa ń ka ìgbọ̀n ara wọn ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tó bá sì yára ju ìdajì iye yẹn lọ kò ní hàn bó ṣe jẹ́. Ẹ̀gbẹ́ àpótí sábà máa ń ké láàárín 150 sí 600 Hz. Ìwúwo fóònù pàápàá á yí ohùn pátákó padà. Ìka sàn jù ú lọ. Àwo píẹ́sò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gìtá láti gba ohùn rẹ̀ tún sàn ju ìka lọ.

OlùgbọOrin

Ẹ̀gbọ́n IgiÀtiÌṣó, ẹ ṣeun. Sukúrúù méjì ló ti tú lápá òsì. Mo fún wọn, ariwo wínníwínní kan tí mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ sì lọ.

Ìka mi ò dá mi lójú, ni mo bá wá ìlẹ̀kẹ̀ kékeré kan, mo fi òwú gbé e kọ́ láti orí àpótí kó lè fara kan àárín ẹ̀gbẹ́ lóòró. Láti 60 dé 170 Hz, ìlẹ̀kẹ̀ kò mira. Ní 190 ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ní 220 ó ta kúrò lára pátákó, ó ń padà wá, ó ń ta lọ, mo ń gbọ́ tá-tá-tá rẹ̀. Nígbà tó fi máa dé 260 ó ti dákẹ́. Mo gbé òkúta kúrò, mo gbé e padà: 220 náà ni, kò yí rárá. Mo wá fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mọ́ra nígbà tí ọkùnrin kan ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ jáde kúrò nínú àgbá! Mo jáwọ́, ó padà síbẹ̀.

Bí mo bá fi ìka kan iwájú àpótí, ó ń dún "kọ́". Bí mo bá kan ẹ̀gbẹ́, ó ń dún "gbòòò".

ÌyáAlápótí

Ẹ kú ìjókòó gbogbo yín. OlùgbọOrin, ọmọ mi, ìlẹ̀kẹ̀ tó o so yẹn ti sọ gbogbo ohun tá a fẹ́ mọ̀. Ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 85 Hz sí 180. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà ní 110, ìlọ́po méjì rẹ̀ ni 220, ó sì lágbára níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti lanu ni ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ ń bá a gbè é. Tún wo bí ẹ̀gbẹ́ náà ṣe tóbi tó: 60 nígbà 30 jẹ́ 1,800, awọ béèsì ò ju nǹkan bíi 135 lọ. Ẹ̀gbẹ́ kan fi ìlọ́po mẹ́tàlá fẹ̀ ju awọ. Kò nílò kó rìn jìnnà rárá kó tó di sípíkà kejì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbà gbọ́ lọ́wọ́ mi nìyí, torí pé mo fi igi púpọ̀ kọ́ ọ. Pátákó kọ̀ọ̀kan ní ohùn tó jẹ́ tirẹ̀. Nísàlẹ̀ ohùn yẹn, líle pátákó ló ń dá a dúró, ẹrù ò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Lókè ohùn yẹn, ìwúwo ló ń dá a dúró, ẹrù wúlò níbẹ̀ gan-an. Lórí ohùn yẹn gẹ́gẹ́, líle àti ìwúwo ti pa agbára ara wọn, ohun kan ṣoṣo tó kù láti dá a lẹ́kun ni ohun tó ń jẹ ìgbọ̀n náà, tó ń sọ ọ́ di ooru. Ibẹ̀ sì ni wàhálà rẹ wà, ní 220 gẹ́gẹ́.

Ká ní o lẹ irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ yẹn báyìí. Pátákó náà fúnra rẹ̀ wọ̀n tó kílò 2. Bó o bá lẹ kílò 2 mọ́ ọn káàkiri, ìwúwo rẹ̀ di ìlọ́po méjì, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀ láti 220 sí nǹkan bíi 156. Kò kú. Ó kàn ṣí lọ síbi tí agbára orin tún pọ̀ sí ni.

Èmi náà ṣe é rí. Àpótí kẹta tí mo kàn láyé mi, mo fi gọ́ọ̀mù tó ń gan lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí gọ́ọ̀mù gbẹ, mo fi eegun ìka kàn án, ohùn tó jáde rẹlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì pẹ́ kó tó parí. Mo jókòó síbẹ̀, mo tún kàn án, mo tún kàn án. Bí agogo ńlá ló ṣe ń dún. Mo fi òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì ṣí àwọn irin náà kúrò, ó gbà mí ní ọjọ́ méjì, mo sì fi ọ̀dà dúdú tó rọ̀ bí awọ rọ́pò wọn, irú èyí tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ kí irin rẹ̀ má pariwo. Ọ̀dà náà ò wọ̀n tó irin yẹn. Àmọ́ bí mo ṣe kàn án, ohùn náà kú sábẹ́ ìka mi.

Àwọn onímọ̀ BBC méjì, Harwood àti Mathews, ṣe ìwádìí lórí èyí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1977. Ọ̀nà tí BBC gbà ni pláíwúùdù fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ ọ̀dà mọ́ nínú. Sípíkà LS3/5A wọn kò tó kílò 6, àwọn èèyàn ṣì ń wá a kiri títí dòní nítorí bí ohùn èèyàn ṣe ń jáde nínú rẹ̀.

ÒkútaWúwo

Ìyá wa, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, àmọ́ mi ò tíì gbà. Gilbert Briggs tó dá ilé iṣẹ́ sípíkà Wharfedale sílẹ̀ da yanrìn sáàárín pátákó méjì ní àwọn ọdún 1950, sípíkà SFB/3 rẹ̀ ṣì lórúkọ. Ṣé yanrìn kì í ṣe ẹrù ni? Kọnkéré mi ńkọ́? Mi ò lẹ ọ̀dà kankan mọ́ ọn, kò sì ké.

ÌyáAlápótí

Ìbéèrè tó dára lẹ béèrè, ẹ̀gbọ́n.

Yanrìn jẹ́ ẹrù lóòótọ́, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ pàtàkì kì í ṣe ti ìwúwo. Bí pátákó bá gbọ̀n, ẹyọ yanrìn kọ̀ọ̀kan á máa ha ara wọn, ibi tí wọ́n ti ń ha ara wọn ni ìgbọ̀n ń kú sí. Ẹ fi gọ́ọ̀mù po yanrìn náà kó di òkúta, ìwúwo rẹ̀ ò ní dínkù, àmọ́ kò ní pa ohùn bẹ́ẹ̀ mọ́. Kọnkéré tiyín, líle rẹ̀ fi nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ sí mẹ́wàá ju ti MDF lọ, ẹ sì tún mọ ọ́n nípọn. Líle yẹn ló gbé ohùn rẹ̀ lọ sókè, níbi tí béèsì ò ti lè jí i. Ẹ ń yin ìwúwo fún iṣẹ́ tí líle ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ sípíkà Celestion fi Aerolam ṣe àpótí SL600, álúmíníọ́mù tí inú rẹ̀ rí bí afárá oyin. Ó fúyẹ́ púpọ̀, ó sì le.

OlùgbọOrin, má da yanrìn lásán sínú àpótí o. Á gba àyè afẹ́fẹ́ tí béèsì nílò, bó bá lọ́rinrin á jẹ MDF, eruku rẹ̀ á sì wá ọ̀nà dé ibi tí kọ́ìlì ti ń rìn. Bó o bá fẹ́ yanrìn lọ́jọ́ kan, àárín pátákó méjì ni ibi rẹ̀, kó gbẹ fúyẹ́fúyẹ́ kó o tó dà á. Àyè sẹ̀ńtímítà 2 ní ẹ̀gbẹ́ tìrẹ á gba tó kílò 5.8. Ìyẹn ti di àpótí tuntun, kì í ṣe àtúnṣe.

TuntunNíbí

Òjé ńkọ́? Mo gbọ́ pé òun ló dára jù torí pé ó wúwo ju irin lọ, ó sì rọ̀.

ÌyáAlápótí

Ó wúwo jù ú lọ lóòótọ́, gíráàmù 11.3 ní sẹ̀ńtímítà onílọ̀ọ́po mẹ́ta kan, irin ò ju 7.85 lọ. Ṣùgbọ́n májèlé ni. Bó o bá gé e tàbí tó o ha á, eruku rẹ̀ á wọ ara, pàápàá ara ọmọdé. Mi ò ní jẹ́ kó wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Má sì kó ẹyọ irin wínníwínní sítòsí mágínẹ́ẹ̀tì béèsì, á fà wọ́n.

AfẹBéèsì

Ẹ jẹ́ kí n já lu ọ̀rọ̀ yìí díẹ̀. Ilé tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ pátákó ni mò ń gbé, tí mo bá tan béèsì, ilẹ̀ náà ń gbọ̀n. Ṣé ẹsẹ̀ onímú ṣóńṣó ló dára fún mi ni àbí rọ́bà?

Olùṣirò

Ẹsẹ̀ onímú ṣóńṣó ń so àpótí pọ̀ mọ́ ilẹ̀. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ kọnkéré, kò burú. Bó bá jẹ́ pátákó, ìgbọ̀n lò ń kó fún un tọwọ́tẹsẹ̀. Ohun tó rọ̀ ló yẹ ọ́, kó sì rọ̀ tó. Wo bí ẹrù ṣe tẹ sípíríǹgì wọlé tó ní mílímítà, wá gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì nọ́ńbà yẹn, kó o fi pín 15.8, ohun tó bá jáde ni Hz tí òun fúnra rẹ̀ máa ń fì. Bó wọlé ní mílímítà 1, nǹkan bíi 16 Hz ni. Bó bá jẹ́ 4, nǹkan bíi 8. Ìgbà tí ohùn bá ti ju ìlọ́po 1.4 nọ́ńbà yẹn lọ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í dá ìgbọ̀n dúró, bó bá sì ṣe ga jù ú lọ ló ń dára sí i. Rọ́bà líle tí kò tẹ̀ rárá ò ṣe nǹkan kan fún ọ.

Ibí yìí ni òkúta ẹ̀gbọ́n ÒkútaWúwo ti wúlò gan-an. Sípíríǹgì kan náà lábẹ́ ẹrù tó wúwo jù á tẹ̀ sí i, á fì lọ́ra sí i, àpótí fúnra rẹ̀ ò sì ní jó lórí rẹ̀. Ọ̀nà mìíràn tún wà tí kò gba ẹrù kankan: ní 1984, ilé iṣẹ́ KEF fi ọ̀pá kan so ẹ̀yìn béèsì méjì pọ̀ nínú sípíkà 104/2 wọn, bí ọ̀kan ṣe ń ti àpótí síbí, èkejì ń tì í sọ́hùn-ún, wọ́n sì pa agbára ara wọn.

IgiÀtiÌṣó

Ká padà sórí àpótí àbúrò wa. Inú mi dùn pé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣeé tú.

Igi ni kó o kọ́kọ́ fi sí i, kó tó kan ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi igi dábùú ẹ̀gbẹ́ ní ìbú, kó pín gíga àpótí sí méjì. Iṣẹ́ yẹn ò pọ̀. Bí o bá pín 60 nígbà 30 sí méjì ní ìbú, ohùn rẹ̀ á gòkè ní nǹkan bí ìlọ́po 1.6, 220 á di 350. Bó o bá fi igi kan náà sí i lóòró láti òkè dé ìsàlẹ̀, tó pín 30 sí méjì, á gòkè tó ìlọ́po 3.4, ìyẹn 750. Ìṣirò orí tábìlì nìyẹn o, igi fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ díẹ̀, kò ní dé ibẹ̀ tán. Má fi sí àárín gangan. Yẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní sẹ̀ńtímítà 2 tàbí 3, kí apá méjèèjì má bàa ní ohùn kan náà. Jẹ́ kí igi náà dúró lórí etí rẹ̀, kó má dùbúlẹ̀, torí gíga rẹ̀ ló ń fún un lágbára. Lẹ́yìn náà, fi ọ̀pá kékeré kan so igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì. Ohun tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ méjèèjì ṣe nìyẹn, òun á máa ṣe é títí láé.

Àpótí kan ni kó o ṣe. Fi èkejì sílẹ̀ bó ṣe wà títí wàá fi gbọ́ àwọn méjèèjì.

OlùgbọOrin

Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má bínú pé mo dákẹ́.

Mo tú ẹ̀yìn, mo yọ béèsì kí eruku má bàa wọ̀ ọ́, mo kó òwú inú rẹ̀ jáde. Mo gé igi méjì, gígùn wọn jẹ́ 55, gíga 5, nínípọn 2.5. Mo fi yanrìn-pépà ha ibi tí gọ́ọ̀mù máa dì, mo fi gọ́ọ̀mù sí i, mo sì fi kílám̀pù mú un mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ̀pá tó so wọ́n pọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gé e kó tó wọlé gẹ́gẹ́ láìti ẹ̀gbẹ́ síta.

Kí n tó lẹ ọ̀dà, mo dá ẹ̀yìn àti béèsì padà, mo so ìlẹ̀kẹ̀ mi, mo sì tan 220. Ìlẹ̀kẹ̀ kò mira. Mo rò pé wáyà ti yọ ni, mo gbé etí sún mọ́ béèsì: ohùn ń jáde. Ìlẹ̀kẹ̀ fara ti pátákó, kò lọ síbì kankan. Mo ń gòkè lọ, ìgbà tí mo dé 610 ló gbọ̀n díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn mí sí i.

Mo tún tú u, mo lẹ ọ̀dà ní ìpele méjì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì àti ẹ̀yìn. Mo fi ooru ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun rọ̀ ọ́ kó tó lẹ̀ dáadáa, mo sì fi ìgò tẹ̀ ẹ́ kí afẹ́fẹ́ má kù sábẹ́ rẹ̀. Ní 610 báyìí, n kò rí nǹkan kan lára ìlẹ̀kẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbẹ́ ń dún "kọ́" bí iwájú.

Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n: kílò 14. Mẹ́rin péré ló fi kún. Òkúta tí mo gbé lé e lórí lákọ̀ọ́kọ́ jẹ́ mẹ́wàá.

Olùṣirò

O ṣe é dáadáa. Igi àti ọ̀dà náà á ti gbà tó líta 3 nínú 26 tó wà nínú àpótí. Bí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá ń dún ní 45 Hz tẹ́lẹ̀, á ti di nǹkan bíi 48. O ò ní gbọ́ ìyẹn.

ÒkútaWúwo

Àbúrò, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ wú mi lórí. Ohun kan ni mo máa bẹ̀ ọ́: má fi ojú gbọ́ ọ. Ẹni tó fi ọ̀sẹ̀ kan gé igi á fẹ́ kí igi náà ṣiṣẹ́. Fi àpótí méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ohùn kan náà máa wọ inú wọn. Jẹ́ kí ariwo wọn dọ́gba, torí pé èyí tó bá fi díẹ̀ ga jù ni etí máa ń sọ pé ó dára jù. Kí ẹlòmíràn máa yí i láìsọ fún ọ. Èmi náà ti kan kọnkéré mi láti àná, gẹ́gẹ́ bí Ìyá wa ṣe wí. Ó ń dún "kín", ó ga sókè, ó kúrú. Mo gbà pé líle wà nínú rẹ̀.

OlùgbọOrin

Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo lo áàpù tó ń wọn ariwo láti mú wọn dọ́gba. Ìyàwó mi ló ń yí wáyà lẹ́yìn mi, mo kọjú sí ògiri. Ọkùnrin kan tó ń kàwé sókè ni mo fi ṣe é. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, mo mọ èyí tí a tún ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Nínú èyí tí a ò tíì tún ṣe, ọ̀rọ̀ tó bá ní "o" àti "u" nínú máa ń wú, á sì pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí ẹnu ti pa dé. Nínú èyí tí a tún ṣe, ẹnu rẹ̀ pa dé, ohùn sì parí. Mo wá ń gbọ́ bó ṣe ń mí kó tó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn tó kàn. Ìyàwó mi tí ọ̀rọ̀ sípíkà ò tiẹ̀ kàn ló ní, "Ó dà bíi pé ó ti jáde wá síta."

Lẹ́yìn náà, mo gbé òkúta lé èyí tí a tún ṣe, a tún yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, pẹ̀lú òkúta àti láìsí òkúta. Márùn-ún ni mo mọ̀. Mo ti gbé àwọn òkúta náà kúrò.

AfẹBéèsì

Kó wọn fún mi o! Mo ti rí sípíríǹgì tó ń tẹ̀ ní mílímítà 4, ẹrù ni mò ń wá.

OlùgbọOrin

Wá gbé e. Àpótí kejì ti wà lórí tábìlì, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tú, gọ́ọ̀mù igi àkọ́kọ́ ń gbẹ lọ́wọ́.